Jíjẹun nínú ọkọ̀ òkun ìgbafẹ́ kékeré: ẹ tètè sọ ohun tí ẹ fẹ́

Ọkọ̀ tí à ń sọ níhìn-ín kì í ṣe irú èyí tó ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò, tí wọ́n á tò gbọọrọ pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. Kékeré ni, owó rẹ̀ ló tóbi. SeaDream I àti SeaDream II, tí wọ́n kàn ní ọdún 1984 àti 1985, kì í gbà ju èrò 112 lọ, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wọn níye. Seabourn Quest ń gba èrò bíi 450. Seabourn Encore, Seabourn Ovation àti Silver Muse ti Silversea ń gba bíi 600. Níbi tí èrò bá mọ níwọ̀n báyìí, alásè lè gbé ìkòkò kaná nítorí ẹnì kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n kò sí ọjà lójú òkun. Ohun tí kò bá ti wọ yàrá yìnyín ọkọ̀ kó tó ṣí ní èbúté, ẹ̀bẹ̀ kò lè mú un wá. Ìdí nìyí tí púpọ̀ nínú ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí fi dá lórí kí ẹ tètè sọ̀rọ̀.

Lẹ́tà tó yẹ kó ṣáájú yín

Ó kéré tán, oṣù méjì ṣáájú ìrìn-àjò ni kí ẹ ti kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ọkọ̀, tàbí kí ẹ ní kí ejẹ́ǹtì tó bá yín ra tíkẹ́ẹ̀tì kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ẹrù oúnjẹ ni wọ́n ti ń béèrè fún ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, nítorí náà lẹ́tà tó bá dé nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan ti pẹ́. Ẹ kọ orúkọ yín bó ṣe wà nínú páàsípọ́ọ̀tù, nọ́ńbà tí wọ́n fún yín nígbà tí ẹ sanwó, orúkọ ọkọ̀ àti ọjọ́ tí yóò gbéra. Lẹ́yìn náà, ẹ ya nǹkan mẹ́ta sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: oúnjẹ tó lè pa yín, oúnjẹ tí ẹ̀sìn tàbí dókítà ní kí ẹ má jẹ, àti oúnjẹ tí ẹ kò kàn fẹ́ràn. Àwọn tó ń da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ló ń kó ara wọn sí wàhálà. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé ara yín kò gba àlùbọ́sà, tí agbáwo sì rí i lọ́jọ́ kejì pé ọbẹ̀ alálùbọ́sà lẹ̀ ń lá, kò ní fọwọ́ gidi mú ẹ̀pà àti edé tí ẹ kọ sábẹ́ rẹ̀ mọ́. Fún ohun tó lè pani, ẹ sọ bó ṣe máa ń ṣe yín, bóyá ètè ló ń wú tàbí èémí ló ń há, kí ẹ sì sọ bóyá abẹ́rẹ́ adrenaline wà lọ́wọ́ yín.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí, kí wọ́n má fún yín ní ẹlẹ́dẹ̀ yàtọ̀ sí kí wọ́n fún yín ní hàlálì. Láti èbúté ni ẹran hàlálì gbọ́dọ̀ ti wọ ọkọ̀, kì í sì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló ń gbé e. Ẹ gba èsì wọn lórí ìwé kí ẹ tó san owó tán. Bí wọn kò bá ní i, ẹja àti ẹyin ló kù, kì í sì í wọ́n ẹja nínú irú ọkọ̀ yìí. Inú ọbẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé. Àwọn alásè tó kọ́ṣẹ́ lọ́nà ti Faransé àti Ítálì máa ń da wáìnì sínú omi ẹran tí wọ́n fi ń ṣe ọbẹ̀, kódà sínú èyí tí wọ́n ń dà lé ẹja, wọ́n sì máa ń bu ọtí rum sínú kéèkì. Gelatin tó ń mú oúnjẹ aládùn dì lè jẹ́ ti ẹlẹ́dẹ̀. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ kedere pé ẹ kò fẹ́ ọtí nínú sísè, kì í ṣe nínú ife nìkan.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá wọ ọkọ̀, kí ẹ tó tú ẹrù, ẹ lọ wá ọ̀gá ilé oúnjẹ. Lẹ́tà máa ń sọnù láàárín ọ́fíìsì àti ọkọ̀, tàbí kí ojú ìwé kan di ọ̀rọ̀ méjì péré: "àléjì, ẹ̀pà". Ẹ tún gbogbo rẹ̀ sọ fún un lẹ́nu, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ pé kó máa fi mẹ́nù ọjọ́ kejì hàn yín lálẹ́. Ó wọ́pọ̀ kí wọ́n ṣe é fún ẹni tí oúnjẹ ń bá jà: ẹ ó mú èyí tí ẹ fẹ́, wọ́n á sè é lọ́tọ̀. Ìlànà yìí kò ràn níbi búfẹ́ẹ̀, torí pé ṣíbí inú àwo kan ló ń bọ́ sínú òmíràn. Ẹni tí ẹ̀pà lè pa, kó jókòó kí wọ́n gbé tirẹ̀ wá tààrà láti ilé ìdáná.

Ibi ìjókòó àti àkókò

Nínú ọkọ̀ àwọn iléeṣẹ́ Seabourn, Silversea àti SeaDream, wọn kì í yan tábìlì fún yín nínú ilé oúnjẹ ńlá. Ìgbà tó bá wù yín láàárín wákàtí tí wọ́n fi ṣílẹ̀kùn lẹ lè wọlé, ẹni tó bá wù yín lẹ sì lè bá jókòó. Ìṣòro ni pé ìgbà kan náà ló ń wu gbogbo ènìyàn: aago 7:30 sí 8 alẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ tábìlì ẹni méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ dé bí wọ́n ṣe ń ṣílẹ̀kùn, tàbí kí ẹ dúró di bíi aago 8:30. Ẹ má ṣe dé ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kẹ́yìn. Wọ́n á gbà yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ kíákíá lẹ ó jẹ, torí àwọn alásè ti ń fọ ibi iṣẹ́.

Ilé oúnjẹ àkànṣe ni kí ẹ gba ààyè sí ṣáájú. Nínú Seabourn, Solis ni, tí wọ́n fi rọ́pò ilé oúnjẹ Thomas Keller, alásè ará Amẹ́ríkà, ní 2024. Oúnjẹ agbègbè òkun Mẹditaréníà ni wọ́n ń sè níbẹ̀. Silversea ní La Terrazza fún oúnjẹ Ítálì, àti Kaiseki fún ti Japan. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ti san owó gbogbo nǹkan, oúnjẹ alẹ́ ní Kaiseki ní owó tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó sì máa ń ya àwọn tí kò ka ìwé wọn délẹ̀ lẹ́nu. Ti iléeṣẹ́ Windstar tún yàtọ̀: owó tíkẹ́ẹ̀tì lásán kò kan ọtí, àfi bí ẹ bá ra èyí tó kó o mọ́ ọn. Candles, ilé oúnjẹ wọn kan, ń tẹ́ tábìlì síta gbangba lórí ọkọ̀, ẹran sísun sì ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Bí afẹ́fẹ́ tàbí òjò bá dé, ètò á yí padà, ẹ má ṣe fi ìyẹn nìkan ṣe àjọyọ̀ ìgbéyàwó yín.

Bí ààyè bá ti kún, ẹ má tíì sọ̀rètí nù. Alẹ́ àkọ́kọ́ ló máa ń rọrùn jù láti rí tábìlì, torí pé oorun ọkọ̀ òfurufú ṣì ń kun ọ̀pọ̀ èrò. Bákan náà ni alẹ́ tí ọkọ̀ bá sùn sí èbúté, tí àwọn kan lọ jẹun nígboro. Ẹ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá ilé oúnjẹ, kí ẹ tún padà lọ bá a ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Ìgbà yẹn ni àwọn tó rẹ̀ máa ń fagi lé tiwọn. Ẹ̀yin náà, bí ẹ kò bá ní lọ, ẹ tètè sọ fún wọn.

Ẹ máa ka ìwé ètò ọjọ́ kejì tí wọ́n ń fi sí yàrá lálẹ́. Wákàtí oúnjẹ ọ̀sán máa ń yí padà lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, ìrìn-àjò ìlú sì máa ń pẹ́. Àárín orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, aago náà lè yí ní wákàtí kan, ó sì ti mú kí ọ̀pọ̀ èrò bá ilẹ̀kùn ní títì.

Ẹ má ṣe tijú láti ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá sí yàrá yín. Tọ̀sán tòru ni Seabourn ń gbé e wá, lásìkò oúnjẹ alẹ́ sì ni ẹ lè béèrè mẹ́nù ilé oúnjẹ ńlá kí wọ́n máa gbé e wọlé lẹ́sẹẹsẹ. Ẹ sọ fún wọn pé lẹ́sẹẹsẹ lẹ fẹ́ ẹ. Bí ẹ kò bá sọ ọ́, gbogbo rẹ̀ lè dé pọ̀, kí ẹran tutù kí ẹ tó lá ọbẹ̀ tán. Ní ti oúnjẹ àárọ̀, aago 7:30 ni gbogbo ènìyàn ń kọ sínú káàdì tí wọ́n ń fi kọ́ ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá kọ 7:10, tiyín á gbóná.

Ọ̀rọ̀ ata

Ẹ ó jẹun dáadáa, ṣùgbọ́n ata ò ní tó yín. Ẹ má rò pé wọn kò mọ̀ ọ́n sè o: àwọn alásè àtàwọn òṣìṣẹ́ tó wá láti India àti Philippines pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí, ata sì wà nínú oúnjẹ tiwọn. Èrò ni wọn kì í fún. Ẹ bi agbáwo yín bóyá ó lè bá yín bu díẹ̀ nínú ata àwọn òṣìṣẹ́. Ìyẹn nìkan máa ń yanjú ọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan.

Èyí tó dára jù ni kí ẹ kọ bí a ṣe ń se ọbẹ̀ ata sórí ìwé lédè Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ fi giráàmù àti mílílítà díwọ̀n, kí ẹ sì fún ọ̀gá ilé oúnjẹ ní wákàtí 24 ṣáájú. Fún ẹni mẹ́rin: tàtàṣé pupa ńlá 4, tòmátì 3, àlùbọ́sà 2, ata rodo 2, òróró mílílítà 150, iyọ̀ ṣíbí kékeré kan, ewé thyme gbígbẹ ìdajì ṣíbí kékeré. Bí wọn kò bá mọ rodo, ẹ kọ habanero. Bí ọkọ̀ bá wà ní Karíbíánì, ẹ kọ scotch bonnet. Kí wọ́n lọ tàtàṣé, tòmátì, rodo àti àlùbọ́sà kan pọ̀ ní tútù. Kí wọ́n sè é títí omi rẹ̀ á fi fà, bí ìṣẹ́jú 15 sí 20. Kí wọ́n rẹ́ àlùbọ́sà kejì sínú òróró gbígbóná, kí wọ́n da ata lé e, kí wọ́n sì dín in lórí iná tí kò le jù fún ìṣẹ́jú 20 sí 25, títí òróró á fi yọ lójú.

Níbi gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yìí ni gbogbo rẹ̀ ti ń bàjẹ́. Alásè tó kọ́ṣẹ́ nílẹ̀ Yúróòpù, bó bá rí òróró tó yọ lójú ọbẹ̀, àbùkù ló kà á sí, á sì fi ṣíbí gbá a dànù. Á yọ kóró rodo, á sẹ́ ọbẹ̀ náà kó lè jọ̀lọ̀, á sì fi ṣúgà pa ìkan rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé kí wọ́n má sẹ́ ẹ, kí wọ́n má yọ òróró, kí wọ́n má fi ṣúgà sí i. Ẹ fi ọbẹ̀ yìí jẹ ìrẹsì funfun àti ẹja tí wọ́n yan lọ́jọ́ náà. Ẹ má béèrè ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tó ń rùn èéfín o. Iná mànàmáná ni ilé ìdáná ọkọ̀ òde òní ń lò, kò sí igi, kò sí gáàsì.

Èlùbọ́ inú àpò yín kò ní dé orí iná wọn. Ilé ìdáná ọkọ̀ kì í sábà gba oúnjẹ tí èrò gbé wá láti ilé, torí wọn kò mọ ibi tó ti ń bọ̀, wọn kò sì fẹ́ dáhùn fún un bó bá ṣe ẹlòmíràn ní nǹkan. Bí ọkọ̀ bá ń lọ sí àwọn erékùṣù Karíbíánì, iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà wà lọ́jà wọn. Seabourn ní ètò kan tí èrò fi ń bá ọ̀gá alásè lọ sọ́jà láwọn èbúté kan. Ẹ forúkọ sílẹ̀ fún un, ibẹ̀ ni ẹ ti lè nawọ́ sí ohun tí ẹ fẹ́. Bí ọkọ̀ bá sì gúnlẹ̀ sí Salvador ní Bahia, nílẹ̀ Brazil, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ jẹ àkàrà lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń fi epo pupa dín in ní ìgboro, tí wọ́n ń pè ní acarajé. Kí ẹni tí edé ń bá jà ṣọ́ra, wọ́n máa ń fi edé sínú rẹ̀.

Lórí tábìlì

Oúnjẹ díẹ̀ ló ń wà nínú àwo kọ̀ọ̀kan, torí àwo mẹ́rin tàbí márùn-ún ló ń bọ̀. Ẹni tó bá ti fi búrẹ́dì yó ti pàdánù. Ẹ lè béèrè oúnjẹ ìṣáájú méjì kí ẹ fò ẹran, tàbí ìdajì àwo. Kò sẹ́ni tó máa wò yín. Ọ̀bẹ àti fọ́ọ̀kì tó wà níta jù lẹ fi ń bẹ̀rẹ̀, ẹ ó máa bọ̀ wá sínú. Búrẹ́dì tó wà lápá òsì ni tiyín, ife tó wà lápá ọ̀tún ni tiyín. Bí ẹ bá dìde, ẹ fi aṣọ ìnuwọ́ sórí àga. Bí ẹ bá tán, ẹ to ọ̀bẹ àti fọ́ọ̀kì pọ̀ nínú àwo.

Caviar, ìyẹn ẹyin ẹja sturgeon, kò ní owó mìíràn nínú Seabourn. Ẹ lè béèrè fún un nígbàkígbà. Orí yìnyín ló ń dé, pẹ̀lú ṣíbí tí wọ́n fi ìkarahun òkun ṣe, torí ṣíbí fàdákà ń yí adùn rẹ̀ padà. Ẹ bù ú díẹ̀, ìdajì ṣíbí kékeré, kí ẹ fi ahọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè ẹnu. Ẹ tọ́ ọ wò lásán kí ẹ tó kó àlùbọ́sà àti ẹyin lé e. Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀, kí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru rọra. Seabourn àti SeaDream tún máa ń gbé e lọ sétí òkun láwọn ìrìn-àjò kan, tí àwọn agbáwo á wọ inú omi pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn láti pín in. Ìran ni. Ẹ dé fìlà, ẹ tètè jẹ ẹ́ kí oòrùn tó gbóná sí i.

Wáìnì tí wọ́n yàn fún ọjọ́ náà wà nínú owó yín ní Seabourn, Silversea àti SeaDream. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, èyí náà kò gbówó. Ìwé kejì wà tó jẹ́ ti wáìnì olówó iyebíye. Bí wọ́n bá gbé ìwé wá dípò ìgò, ẹ bi wọ́n bóyá ó ní owó lọ́tọ̀. Ẹni tí kì í mu ọtí, kó ní kí wọ́n gbé ife wáìnì kúrò níwájú òun látìbẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ló máa dá agbáwo dúró.

Lálẹ́, The Grill ti Silversea ń gbé òkúta gbígbóná janjan wá sórí tábìlì, ẹran tútù á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ẹ fúnra yín yan án. Ẹ má gbé odindi ẹran lé e: òde á jóná, inú á ṣì pọ́n. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, bí ìka kan ní fífẹ̀, mẹ́ta mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, ìṣẹ́jú kan lójú kọ̀ọ̀kan. Ẹ má da òróró sí òkúta, èéfín á bo tábìlì. Sílíìkì àti léèsì kò yẹ nídìí rẹ̀.

Ní ti aṣọ, ẹ wo ìwé ètò: alẹ́ tó gba kóòtù dúdú wà, èyí tó gba ṣẹ́ẹ̀tì ọlọ́rùn lásán náà wà. Lójú tiwa, agbádá àti ìró òun bùbá tó dáa yẹ alẹ́ tó ga jù lọ. Bó bá ń ṣe yín bí ẹni pé wọn kò ní gbà á, ẹ bèèrè nínú lẹ́tà yín. Ẹ ká apá agbádá sókè kó má bàa tọ ọbẹ̀, kí gèlè sì mọ níwọ̀n, ojú òkun ni ẹni tó wà lẹ́yìn yín sanwó láti wò.

Bí òkun bá ru

Ọkọ̀ kékeré ń mì ju ńlá lọ. Ẹ béèrè tábìlì ní àárín ọkọ̀, ní àjà ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ni mímì rẹ̀ kéré jù. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n ń fi omi rin aṣọ tábìlì, kí àwo má bàa yọ̀ ni, ẹ mọ̀ pé ìjì ń bọ̀. Ẹ lo oògùn òòyì kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ti ń bì kò lè gbé e dúró nínú. Ápù tútù, bisikíìtì gbígbẹ àti atalẹ̀ lẹ ó béèrè. Ẹ má fi ebi pa ara yín, inú òfìfo ń mú òòyì le sí i.

Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 20 kí ẹ tó jẹun. Jẹ́ẹ̀lì ọlọ́tí tó wà lẹ́nu ọ̀nà kò pa norovirus dáadáa, òun sì ni kòkòrò tó ń da ìgbẹ́ gbuuru sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Oúnjẹ tutù gbọ́dọ̀ wà ní 5°C tàbí kó tutù jù bẹ́ẹ̀, èyí tó gbóná gbọ́dọ̀ tó 57°C. Bí ẹja búfẹ́ẹ̀ bá lọ́wọ́ọ́wọ́ lásán, ẹ fi sílẹ̀. Àjọ CDC, tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, máa ń yẹ ọkọ̀ tó ń gba èbúté wọn wò láìsọ tẹ́lẹ̀, 100 ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀, ọkọ̀ tó bá gba 85 tàbí kó dín sí i ti kùnà. Èsì wọn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lábẹ́ orúkọ ọkọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí kì í dé Amẹ́ríkà lè má sí níbẹ̀.

Owó ọpẹ́ fún àwọn agbáwo ti wà nínú owó tí ẹ san fún Seabourn, Silversea àti SeaDream. Ohun tó wúlò fún wọn ni kí ẹ kọ orúkọ wọn àti ohun tí wọ́n ṣe sínú ìwé tí wọ́n ń fún yín nígbẹ̀yìn ìrìn-àjò.

Ẹ má ṣe mú èso kúrò nídìí oúnjẹ àárọ̀ lọ sí ìgboro. Chile, Australia àti New Zealand kì í fi ọ̀rọ̀ èso, irúgbìn àti ẹran ṣeré. Ní New Zealand, ápù kan tí ẹ gbàgbé sínú báàgì láìsọ fún wọn lè mú yín san dọ́là wọn 400 lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ ẹ́ tán lórí ọkọ̀, tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀ ní yàrá.